Ta ni yóò tọ́jú ọmọ ológbò nígbà tí o bá lọ sí ìsinmi? Ìtọ́sọ́nà fún ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Ológbò tó ti dàgbà lè fara dà á kí ẹnì kan máa yọjú sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ológbò kò lè fara dà á. Ikùn rẹ̀ kéré, oúnjẹ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀, tí ebi bá sì pa á pẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, ara rẹ̀ á tutù, ó sì lè dákú kí ẹnikẹ́ni tó fura. Gbogbo ohun tó bá ń mì ló tún jẹ́ eré lójú rẹ̀: òwú ìránṣọ, okùn ọ̀rá, wáyà fóònù, ọmọńlé ara ògiri. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo nínú ètò rẹ, kódà kó ṣáájú iye ọjọ́ tí o fẹ́ lò.

Ẹni tí a ní lọ́kàn jù ni ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, tó máa ń gòkè lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ nígbà ìsinmi ńlá àwọn ọmọ ilé ìwé, tàbí ní Kérésìmesì. Ẹni tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí òkun náà lè lò ó.

Mọ iye oṣù tó ti pé

Bí o bá mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ti tán. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wo ojú, eyín àti ìwọ̀n rẹ̀. Ọmọ ológbò tí ojú rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ búlúù tí gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ayé kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 7 tàbí 8 lọ. Eyín ọmọdé máa ń pé ní nǹkan bí oṣù 2. Láti oṣù 3 àbọ̀ sí 4, àwọn eyín wẹ́wẹ́ iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í já, eyín àgbà á sì rọ́pò wọn. Àwọn eyín ṣóṣóró mẹ́rin máa ń tẹ̀ lé wọn, ní nǹkan bí oṣù 5. Èyí tó ń jẹun dáadáa máa ń wọn nǹkan bí kílò 1 ní ọ̀sẹ̀ 10, àti nǹkan bí kílò 2 ní oṣù 4 sí 5. Gbé e sínú abọ́, fi abọ́ náà sórí òṣùwọ̀n, kí o yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò. Kọ iye náà sílẹ̀, nítorí òun ni ẹ̀rí rẹ nígbà tí o bá padà dé.

Bí kò bá tíì pé oṣù 2, má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì tọ́ irú rẹ̀ rí. Ibi tí ìyá rẹ̀ wà ló tọ́ sí. Bí ẹni tó fún ọ bá ṣì ní ìyá náà, bẹ̀ ẹ́ kó gbà á padà di ìgbà tí o bá dé, tàbí kí o sún ìrìn àjò síwájú.

Láti oṣù 2 sí 4, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń jẹun lójúmọ́. Ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sùn nílé rẹ, tàbí kí ọmọ ológbò lọ máa sùn lọ́dọ̀ onítọ̀hún. Kò sí ọ̀nà kẹta, ohun yòówù kí aládùúgbò sọ pé òun lè ṣe.

Láti oṣù 4 sí 6, oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó lè dá sùn lóru nínú yàrá tí kò séwu, bí ẹnì kan bá ń wọlé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tó sì ń jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kì í ṣe kó kàn da oúnjẹ sílẹ̀ kó tilẹ̀kùn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, àárọ̀ àti alẹ́ ti tó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú: abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 8, èkejì sí ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko sì máa ń fi ọ̀kan kún un ní ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12. Ara máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó mú un lò dáadáa, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí o gbà fún un lánàá tí o ń lọ lónìí kò tíì dáàbò bò ó. Ó tún níṣòro mìíràn: ọ̀pọ̀ wọn máa ń sùn ṣáá, ara wọn á gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ìyẹn bá bọ́ sí ọjọ́ kìíní alágbàtọ́, ó lè rò pé àìsàn ti dé, ó sì lè dákẹ́ sí àìsàn gidi tó bá yọjú lọ́jọ́ kẹrin.

Oògùn aràn: ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí di oṣù 3, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Ìwọ̀n ara ni dókítà fi ń pín in. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí àárín ìrìn àjò rẹ, béèrè bóyá o lè lò ó ṣáájú. Má gbé iṣẹ́ fífi oògùn sí ológbò lẹ́nu lé ẹni tí kò ṣe é rí lọ́wọ́.

Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí Kútọnu, nǹkan bí kìlómítà 30, nítorí náà ó rọrùn láti rí dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ológbò. Ní Kétu àti Ṣábẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ màlúù, ewúrẹ́ àti adìyẹ ni dókítà tó wà nítòsí ń tọ́jú lójoojúmọ́. Pè é tẹ́lẹ̀ kí o béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ológbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí inú fíríìjì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í sì í kó o pamọ́ púpọ̀. Gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Sọ fún un pé o ń rìnrìn àjò, kí o sì dárúkọ ẹni tó lè gbé ológbò náà wá.

Ilé rẹ ni, àbí ilé ẹlòmíì?

Èrò tiwa ni pé kí ológbò dúró sílé rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Ibi ló mọ̀ ju ènìyàn lọ. Òórùn ara rẹ̀ wà lára àga àti ògiri, ó mọ ibi tí yóò sá sí. Gbé e lọ sílé tí kò mọ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lè lọ lábẹ́ ibùsùn láìjẹun, ọmọ ológbò kò sì ní ọjọ́ méjì tó lè fi ṣòfò.

Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá mú un ní dandan kó lọ sílé alágbàtọ́, yàrá kan ṣoṣo ni kó wà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, pẹ̀lú aṣọ tó máa ń sùn lé, abọ́ rẹ̀ àti ike iyanrìn tó ti lò tẹ́lẹ̀. Má fọ aṣọ náà kí o tó gbé e lọ. Òórùn ibẹ̀ ni ìdí tí o fi ń gbé e. Gbogbo ilé tí o bá sọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà ni ìdí tí wọ́n fi máa pè ọ́ pé àwọn kò rí i mọ́.

Inú agboolé ní ìṣòro tirẹ̀. Ọwọ́ pọ̀, ilẹ̀kùn pọ̀. Ìyá àgbà á fún un ní ẹja láàárọ̀, àbúrò á fún un lákàrà, ẹni tó ti oko dé á fún un ní egungun, ó sì lè di alẹ́ ọjọ́ kejì kí gbogbo wọn máa rò pé ẹlòmíì ti fún un lóúnjẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí o yàn, kí o dárúkọ rẹ̀ lójú gbogbo ilé pé òun nìkan ló ń bu oúnjẹ.

Bí dókítà bá ní àgò tó máa ń gba ẹranko sí, ó wúlò fún èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Èyí tí kò tíì gbà á pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tó ń ṣàìsàn wá.

Ẹni tí o máa fà á lé lọ́wọ́

Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, àmọ́ ó ní ojú tó sún mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nínú ọgbà yín, tí kò lọ sílé nígbà ìsinmi, sábà máa ń dára ju ìbátan tó ń gbé òdìkejì ìlú lọ. Ẹni tó jìnnà ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ, òjò á dá a dúró lọ́jọ́ kan. Oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án wà lára oṣù òjò ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, ojú ọ̀nà kan ní Àjàṣẹ́ sì máa ń di odò.

Béèrè láìfi bò bóyá ẹ̀rù ológbò ń bà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ló gbà pé ológbò tó ń ké lóru kì í ṣe ológbò lásán. Má bá onítọ̀hún jiyàn, wá ẹlòmíì. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò ní gbé e nígbà tó bá yẹ kó gbé e. Àwọn tó ń jẹ ẹran ológbò náà wà láàárín wa, ológbò tó bá sì ń rìn káàkiri ládùúgbò kì í mọ ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Inú ilé ni kó wà ní gbogbo ọjọ́ tí o kò bá sí.

Aboyún lè fún un lóúnjẹ, àmọ́ ẹlòmíì ni kó máa da iyanrìn rẹ̀ nù, torí kòkòrò toxoplasma tó lè ba oyún jẹ́ wà nínú ìgbẹ́ àwọn ológbò kan. Kòkòrò náà ń lò tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ranni, èyí ló fà á tí ìgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ kúrò nínú iyanrìn lójoojúmọ́. Ẹni tí ológbò tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọ́dọ̀ wọlé sí ọmọ ológbò tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ pé. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní typhus ológbò máa ń bá bàtà àti ọwọ́ rìn, ó sì lè wà lára ilẹ̀ tó ọdún kan. Omi Javel, ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 30, ló ń pa á. Ọṣẹ lásán kò tó. Ọmọdé lè ran àgbà lọ́wọ́, kó má dá a ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ẹ jọ gbìyànjú rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn ń fò, òun náà ló sì ń gba ìrìn àjò là. Lọ́jọ́ kìíní, jẹ́ kí alágbàtọ́ wá nígbà tí o wà nílé, kó bu oúnjẹ, kó gbọn iyanrìn, kó bá a ṣeré. Má ràn án lọ́wọ́, kàn máa wò ó. Lọ́jọ́ kejì, jáde láti àárọ̀ di alẹ́ kí o fi gbogbo rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí yóò máa sùn níbẹ̀, kó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó máa ń yọ jáde: kọ́kọ́rọ́ tó ní ọgbọ́n kan kó tó ṣí, ọmọ ológbò tó ń gba àárín ẹsẹ̀ sá jáde nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, alágbàtọ́ tí ara rẹ̀ ń yún tó bá fọwọ́ kan irun rẹ̀, tàbí ọmọ ológbò tí kò jẹun níwájú àlejò. Èyí tó kẹ́yìn ló yẹ kó dá ọ dúró. Bí kò bá jẹun títí di alẹ́ nígbà ìgbìyànjú, tún gbìyànjú náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí o tó lọ.

Ilẹ̀kùn: kọ́ alágbàtọ́ láti máa fi ẹsẹ̀ dí àlàfo ìsàlẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn tán, kó sì ti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó ṣí èyí tó wà níwájú.

Yàrá náà

Kúnlẹ̀ kí ojú rẹ ba sí ibi tí ojú rẹ̀ wà, kí o yẹ yàrá náà wò yípo. Òwú, abẹ́rẹ́, irun àdìmọ́rí, rọ́bà ìdirun àti tẹ́ẹ̀pù kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni kí o kọ́kọ́ kó kúrò. Bí ó bá gbé òwú mì, òwú náà lè há ní ìsàlẹ̀ ahọ́n tàbí ní ẹnu ikùn, ìfun á máa fà á, á sì ká jọ bí ẹnu àpò tí a fa okùn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló ń gbà á là. Bí alágbàtọ́ bá rí okùn tó yọ láti ẹnu tàbí láti ìdí, kò gbọ́dọ̀ fà á. Dókítà ni kó gbé e lọ bá.

Bo kànga àti gbogbo gárawá omi. Ọmọ ológbò tó bá bọ́ sínú gárawá tí omi ò kún kò ní ríbi gùn jáde. Kó májèlé eku kúrò, kì í ṣe nínú yàrá nìkan, nínú gbogbo ilé, torí eku tó jẹ ẹ́ lè di oúnjẹ rẹ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń dà sínú ìgò kékeré tà lọ́jà burú ju gbogbo wọn lọ. Má ṣe fín in sí yàrá náà lọ́sẹ̀ tí o ń lọ. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin máa ń pa ológbò; bí eégbọn bá wà lára rẹ̀, béèrè ti ológbò lọ́wọ́ dókítà, kí o sì lò ó ṣáájú ìrìn àjò, torí eégbọn púpọ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò gbẹ.

Fèrèsé: nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dá a dúró, èékánná rẹ̀ á ya á. Ṣí apá òkè nìkan, tàbí kí o fi wáyà líle bò ó. Bí iná bá lọ, fáànù á dúró, yàrá onípáànù á sì gbóná kíákíá ní oṣù kẹta, nítorí náà yan yàrá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láìsí iná. Nígbà ọyẹ́, òru ló ń mú otútù wá. Àpótí páálí tí a tẹ́ aṣọ sí, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri, ti tó. Bí ìsinmi rẹ bá bọ́ sí Kérésìmesì tàbí ọdún tuntun, sọ fún alágbàtọ́ kó ti gbogbo ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, torí bàǹgá tí àwọn ọmọdé ń yìn máa ń lé ológbò jáde nílé láìmọ ibi tó ń lọ.

Oúnjẹ: wọ̀n ọ́n, má sọ ọ́ lẹ́nu lásán

Má pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì tó ṣáájú ìrìn àjò. Bí o bá fẹ́ kó máa jẹ krokẹ́ẹ̀tì (oúnjẹ gbígbẹ) inú àpò nígbà tí o kò bá sí, torí pé ó rọrùn fún alágbàtọ́, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí o máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10. Ìyípadà òjijì máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń gbẹ omi ara ọmọ ológbò láàárín ọjọ́ kan.

Ọmọ ológbò kílò 1 ń fẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́, èyí tó jẹ́ ti ọmọ ológbò. Ẹ̀yìn àpò sì máa ń sọ iye tó bá irú tí o rà mu. Wọn oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, kọ orúkọ ọjọ́ sára rẹ̀, kí o tò wọ́n sínú agolo onídèérí. Fi ọjọ́ mẹ́ta kún un, bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ ní Bohicon tàbí bí ayẹyẹ bá gùn. Alágbàtọ́ kò ní máa rò pé "díẹ̀ ni mo fún un", ìwọ náà á sì mọ̀ lọ́jọ́ tí o bá dé iye tó jẹ.

Oúnjẹ ajá kò ní ohun tí ara ológbò ń fẹ́ tó, pàápàá taurine tó wà fún ọkàn àti ojú. Ìrẹsì àti ẹja sísè lè gbé e ró fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹja bá pọ̀ ju ìrẹsì lọ, tí a sì yọ egungun kúrò. Kò tó fún oṣù kan. Ohun tí alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ fún un rárá ni ọbẹ̀, torí àlùbọ́sà àti ááyù, yálà tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni egungun adìyẹ sísè tó ń fọ́ ṣóṣóró, ṣokoléètì, àti wàrà màlúù tí gbogbo ènìyàn rò pé oúnjẹ ológbò ni: ọ̀pọ̀ wọn ló ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn rẹ̀. Omi ló nílò, abọ́ méjì ní ibi méjì, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Èèrà ló máa ń ba oúnjẹ jẹ́ jù níbí. Gbé abọ́ oúnjẹ sínú àwo tó fẹ̀ jù ú lọ, kí o da omi sínú àwo náà kó yí abọ́ ká. Èèrà kò ní lè kọjá. Oúnjẹ tútù tàbí ẹja tó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí kan lọ nínú ooru, kí a dà á nù.

Iyanrìn

Ike tí kò jìn, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ fún èyí tó kéré, kó lè gùn wọlé. Iyanrìn gbígbẹ, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Iyẹ̀ igi láti ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ṣeé lò bí kò bá ní eruku púpọ̀ àti bí kì í bá ṣe igi tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí. Kó ike méjì sílẹ̀. Alágbàtọ́ á máa kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á sì máa da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fi àpò iyanrìn kan pamọ́ sílé, torí nígbà òjò iyanrìn tó wà níta á ti rin gbingbin. Ike kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ abọ́ oúnjẹ.

Ìwé tí o máa lẹ̀ mọ́ ògiri

Ojú ewé kan, tó ṣeé kà láti ibi tí ènìyàn dúró sí. Bí alágbàtọ́ bá jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, kọ ọ́ bí o ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Ìwé tó dà bí àṣẹ kò ní jẹ́ kí àgbà fẹ́ kà á. Bí àpẹẹrẹ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú agolo funfun, ọ̀rá kan fún ọjọ́ kan. Ẹ pín in sí mẹ́rin: aago 7, aago 12, aago 5, aago 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní ọbẹ̀ tàbí wàrà, kódà bó bá ń sunkún. Abẹ́ àga pupa ló máa ń sá sí. Ẹ mi agolo, yóò jáde, ẹ má fà á. Bí kò bá jẹun láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ẹ pè mí. Bí ẹ kò bá rí mi lórí fóònù, ẹ pe dókítà, nọ́ńbà rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ má dúró dè mí. Owó dókítà wà nínú àpòòwé. Ẹ má fún un ní oògùn kankan."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àsọdùn. Parasẹtamọ́ọ̀lù ń pa ológbò. Ẹyọ kan ti pọ̀ jù fún èyí tó dàgbà, ká má tíì sọ ọmọ.

Owó

Ẹ jọ sọ ọ́ kí o tó lọ, kódà bó bá jẹ́ ẹbí. Ọ̀nà mẹ́ta ni: owó iṣẹ́ rẹ̀, owó zémidjan (ọ̀kadà) bó bá ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, àti owó dókítà. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lówó, torí fífi MoMo ránṣẹ́ láti abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró sí lè gba wákàtí mẹ́ta. Sọ iye tó lè ná láìbéèrè. Aláìmọ iye tó lè ná á máa dúró de ẹsì rẹ, ọmọ ológbò kò sì ní dúró. San ìdajì owó iṣẹ́ ṣáájú.

Fi apẹ̀rẹ̀ onídèérí tàbí àgò kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nínú rẹ̀. Lórí zémidjan, àpò kò dára: kò lè mí dáadáa, á sì fi èékánná fà á ya. Páálí náà kò dára, torí bó bá tọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já lójú ọ̀nà.

Nígbà tí o bá wà lọ́nà

Ní kí alágbàtọ́ máa fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ lórí WhatsApp lójoojúmọ́: ọmọ ológbò, abọ́ oúnjẹ kó tó bu òmíràn, àti ike iyanrìn kó tó kó o. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan kò sọ nǹkan kan. Ológbò tó ń ṣàìsàn lè jókòó rekete. Abọ́ tó kún àti iyanrìn tí kò sí ìtọ̀ nínú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an: kò jẹun fún wákàtí 12 bí kò bá tíì pé oṣù 4, tàbí 24 bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ó la ẹnu mí, ó ń tiraka láti tọ̀, ìtọ̀ kò jáde, èrìgì rẹ̀ funfun, ara rẹ̀ tutù, tàbí kò lè dìde. Bí ara bá tutù, kí a fi aṣọ wé e kí a sì fi ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tì í lójú ọ̀nà. Sísín díẹ̀ láìsí ohun mìíràn lè dúró di ọ̀la. Sísín pẹ̀lú ojú tó lẹ̀ pọ̀ àti àìjẹun kò lè dúró.

Bí ó bá fẹnu kan májèlé, tí itọ́ ń dà, tí ara ń gbọ̀n, àṣà tó wà nílẹ̀ ni kí wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu. Kìlọ̀ fún alágbàtọ́ kó má ṣe é. Epo kì í lé májèlé jáde, ológbò tó ń gbọ̀n kò lè gbé e mì dáadáa, yóò bá ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Omi iyọ̀ náà kò dára. Bí májèlé bá wà lára irun rẹ̀, kí a fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ kíákíá kó má bàa lá a. Kí a gbé e lọ, pẹ̀lú ìgò tàbí ọ̀rá májèlé náà.

Bí ó bá bu alágbàtọ́ jẹ tàbí ha á tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi kò ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn. Fi ìwé abẹ́rẹ́ ológbò náà sílẹ̀ nílé, kó lè mú un dání fún dókítà.

Bí ó bá jáde

Àwọn ènìyàn máa ń sáré lọ sí òpópónà. Kò sí níbẹ̀. Ọmọ ológbò tó jáde láti inú ilé máa ń wà nítòsí, lábẹ́ nǹkan kan, láìdún. Kí alágbàtọ́ wo inú ọgbà àti ilé mẹ́ta mẹ́rin tó yí i ká: lábẹ́ ọkọ̀, inú ẹ̀rọ ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ẹ̀yìn ìkòkò, orí àjà. Kó kàn sí gbogbo ilé kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lu bónẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Lẹ́yìn aago 10 alẹ́, nígbà tí ìlú bá ti dákẹ́, kó tún jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó gbé e sí ìwọ̀n ojú rẹ̀. Ojú ológbò á tàn yanran. Kó mi agolo oúnjẹ, kó má pariwo, kó má sì lé e.

Èyí tó ti tó oṣù 4 ju ọ̀rọ̀ sísọnù lọ bó bá jẹ́ abo. Ó lè lóyún láti ọjọ́ orí yẹn, ó sì lè padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ méjì pẹ̀lú oyún. Béèrè nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ ṣáájú ìsinmi, kó lè ti jinná tó ọjọ́ 10 sí 14 kí o tó lọ.

Nígbà tí o bá dé

Wọ̀n ọ́n kí o tó bọ́ bàtà tán. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù 6 gbọ́dọ̀ ti wúwo sí i. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró síbi tó wà tàbí tó wálẹ̀, ka ọ̀rá oúnjẹ tó kù, kí o sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọjọ́ méjì. Bó bá kọ̀yìn sí ọ ní ọjọ́ kìíní, má lé e. Má pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Wo inú etí àti ẹ̀yìn ọrùn bóyá eégbọn ti wọlé, kí o sì wo ọjọ́ oògùn aràn tó kàn nínú ìwé rẹ̀.

San ìdajì owó tó kù lọ́jọ́ náà, gba kọ́kọ́rọ́ rẹ padà. Iṣu Ṣábẹ tí o gbé bọ̀, ti alágbàtọ́ kò sí lára owó iṣẹ́ rẹ̀.